Irin Tí Wọ́n Wé Sínú Aṣọ Pupa

Ẹni tí ó bá ní Ṣàngó ni ó bá ọkọ mi jà, kí ó wá sọ ọ́ lójú mi. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ojúde wa, mo ti sọ ọ́ lọ́jà, mo sì tún sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà oníṣàngó ìlú Ìlórà, tí olórí wọn jẹ́ àbúrò bàbá tó bí mi. Ilé Ṣàngó ni wọ́n bí mi sí. Ṣàngóbùnmi ni orúkọ mi, mi ò yá a lò. Bí òrìṣà yẹn bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà nínú ilé mi, èmi ni ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún.

Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe. Ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe là ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lábẹ́ igi máńgòrò kan, ọkọ mi, Àbọ̀dé, sì wà ní apá kejì igi náà. Òun ní tirẹ̀, ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀ ló máa ń nà, ó sì máa ń jó irin. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọkùnrin á gbé mọ́tò wá, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Ọ̀gá dà?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọ̀gá ti kú, èmi ni mo jogún rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti mọ̀ mí dé Fìdítì.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú mọ́tò, ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń bẹ̀rù: ẹ́abáàgì. Àpò kan ni. Wọ́n ká a pọ̀ sí àárín sítíárìn, wọ́n tún ká òmíràn sínú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ohun kan bí ẹ̀tù inú irin kékeré á gbiná, àpò náà á sì wú kí ojú tó ṣẹ́, kí orí ènìyàn má baà fọ́. Ó ń gba ẹ̀mí là, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá bú mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́, kò yàtọ̀ sí ìbọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe òfin ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibi tó wà, kí ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí ó lọ wá nǹkan jẹ, kí ó jẹ ẹ́ tán, kí ó tó padà wá, nítorí iná ṣì máa ń sápamọ́ sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wáyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Tẹ́sítà, ìyẹn gílóòbù kékeré tí a fi ń wò ó bóyá iná wà lára wáyà, kò gbọdọ̀ kan wáyà aláwọ̀ ìyeyè láéláé.

Ẹ́abáàgì ní iná tirẹ̀ ní dáṣíbọ́ọ̀dù, iná pupa tó ní àwòrán ènìyàn tó jókòó, tí àpò sì wà níwájú rẹ̀. Bí o bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn, lẹ́yìn náà kó kú. Bí ó bá tàn tí kò kú, àìsàn wà. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ló dí i lẹ́nu. Àbọ̀dé mọ àkọ́kọ́, ó sì mọ ìkejì. Ìkẹta yẹn ni kò wọ̀ ọ́ létí dáadáa, ibẹ̀ sì ni Sìrájù gbà mú un.

Sìrájù ń ta mọ́tò tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, àwọn tó ti ra mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni ẹ ó bi pé báwo ni inú oyin náà ṣe rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo wà ní Jọ́bèlé, mò ń tún iná mọ́tò kan ṣe. Òjò ti ṣú, àrá sì ń kùn lókèèrè. Sìrájù gbé mọ́tò aláwọ̀ eérú kan dé ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní fèrè rẹ̀ kò dún, oníbàárà sì ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́. Àbọ̀dé sọ fún un pé kí ó dúró dè mí.

"Fèrè lásán ni, ẹ̀gbọ́n," ni Sìrájù wí. "Ẹ kàn ṣí àárín sítíárìn yẹn. Ṣé ìyàwó yín nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí nǹkan ni?"

Ẹ wo ọ̀nà tó gbà wọlé sí ọkùnrin lára. Síbẹ̀, Àbọ̀dé béèrè ohun tó yẹ. Ó ní, "Ẹ́abáàgì inú rẹ̀ ńkọ́?" Sìrájù ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, pé ó ti bú tipẹ́ níbi tí wọ́n ti kó o wá. Àbọ̀dé ṣí kọ́kọ́rọ́, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù, kò rí iná pupa kankan. Ó ní lóòótọ́ ni, ó ti kú. Ó tú àárín sítíárìn, ó gbé e lé ọwọ́ ọ̀tún, ó mú tẹ́sítà mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ti fèrè. Ó kan ti fèrè. Ó kan ti aláwọ̀ ìyeyè.

Wọ́n gbọ́ ìró tó dún dé ọjà. Èéfín bo mọ́tò náà, ẹfun funfun dà sílẹ̀, irin róbótó inú ẹ́abáàgì já kúrò lára àpò rẹ̀, ó sì lọ rì sínú ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Egungun ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi ṣẹ́, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó. Ibẹ̀ náà ni òjò dé, tí àrá gidi sì sán lókè, ẹni tó kọ́kọ́ pariwo nínú gbogbo wọn sì ni Sìrájù. "Ṣàngó o! Kábíyèsí o! Ṣàngó ti já lu Àbọ̀dé o!"

Bí ó ti ń pariwo, ó ń wá aṣọ tó máa fi wé ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Aṣọ funfun kan wà nílẹ̀, ó mú un, ó fi wé e. Ẹ fi aṣọ yẹn sọ́kàn.

Kí n tó ti Jọ́bèlé dé, ìlú ti dájọ́. Wọ́n ti jí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àdúgbò wa nínú oṣù tó kọjá, Àbọ̀dé ló sì jó àgò irin tí wọ́n fi dáàbò bò ó. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ṣàngó kò fẹ́ olè, kò sì fẹ́ òpùrọ́, ọmọdé ìlú wa pàápàá mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní òrìṣà ti wá fi ìka tọ́ ọ.

Mo bá aṣọ pupa lára igi máńgòrò mi, wọ́n fi dínà ṣọ́ọ̀bù yíká. Àwọn oníṣàngó ti wá, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ti rí ohun tí wọ́n ń wá níbi tí àrá bá ti jà: ẹdùn àrá, róbótó, dúdú, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá Ṣàngóyẹmí, àbúrò bàbá mi, ti wé e sínú aṣọ pupa, ó ti gbé e lọ sí ojúbọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ṣọ́ọ̀bù náà títí Àbọ̀dé yóò fi jẹ́wọ́ ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Bí kò bá jẹ́wọ́, kó kúrò nílùú.

Gbogbo wa la mọ ohun tí kíkúrò nílùú túmọ̀ sí. Ògúnṣọlá, ọmọ Àṣàbí, ni wọ́n lé gbẹ̀yìn. Àrá jà ní ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó kó iṣu nínú àká ẹlòmíràn. Ó sọ títí pé òun kọ́. Ìwàrè ló ń gbé báyìí, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Nígbà tí Àṣàbí kú, ẹ̀yìn ìlú ló ti sunkún ìyá rẹ̀, nítorí pé wọn kò jẹ́ kó wọlé. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé títí di òní ni "ọmọ ẹni tí àrá mú". Èmi náà ní ọmọ kan, Ànúolúwapọ̀. Mo rò ó wò kí wọ́n máa pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀, inú sì bí mi.

Mo lọ bá ọkọ mi ní ọsibítù. Wọ́n ti to egungun ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi POP dì í. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fi ohun tí wọ́n fi wé ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ hàn mí, ó sì mú un jáde nínú garawa. Aṣọ funfun líle ni, ó rí bí àpò ìrẹsì, ó ní ojú ihò méjì tí wọ́n rán létí, ẹfun sì wà lára rẹ̀. Mo ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí télọ̀ kankan ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijió wa tó ń fi rán nǹkan. Inú ẹ́abáàgì nìkan ló máa ń gbé.

"Bàbá Ànú, kí ló dé tí ẹ fi kan wáyà ìyeyè?"

Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Sìrájù ní ó ti bú tipẹ́. Iná kò sì tàn."

"Mo ti gbọ́."

"Ìyá Ànú, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Kí n sọ pé mo ju ẹ̀rọ omi yẹn sódò. Wọ́n á bú mi, wọ́n á ṣe ètùtù, ọ̀rọ̀ á tán. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ óò jẹ́wọ́ ohun tí ẹ kò ṣe?"

"Ta ló máa gbà mí gbọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i, bákan náà. Mo fa aṣọ bò ó láyà. Mo ní tó bá jẹ́wọ́ olè tí kò jà, èmi náà á jẹ́wọ́ pé èmi ni mo bá a gbé e, ká jọ lọ sí Ìwàrè, ká jọ máa gbé nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ó mọ̀ pé mo lè ṣe é. Kò sọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ mọ́.

Láàárọ̀, mo lọ sí ilé wa, ilé tí wọ́n bí mi sí. Bàbá Ṣàngóyẹmí jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn oníṣàngó ẹgbẹ́ rẹ̀, irun rẹ̀ tó ti funfun wà ní dídì bí ó ti máa ń wà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, Ṣàngóbùnmi. Ara ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ń le. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo irin tí ẹ hú ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Àwọn tó jókòó kùn hùn-ún. Bàbá ní, "Kì í ṣe irin. Obìnrin tó ti relé ọkọ kì í sì í tú ohun tí Ṣàngó sọ sílẹ̀."

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, ta ló ń gbá ojúbọ yẹn? Ta ló ń pọn omi sí i? Mi ò tíì relé ọkọ nígbà yẹn."

"Ìyẹn ti pẹ́."

"Àrá kọ́ ló já lu ọkọ mi, Bàbá. Ẹ̀rọ kan ló bú mọ́ ọn lọ́wọ́, iná pupa tó yẹ kó kìlọ̀ fún un kò sì tàn."

"Gbogbo ìlú ló gbọ́ àrá."

"Ìró méjì ni wọ́n gbọ́. Ọ̀kan wá láti òkè. Ọ̀kan wá láti inú mọ́tò Sìrájù."

Ó mi orí. "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Lọ sọ fún un kó jẹ́wọ́. Ìjẹ́wọ́ kì í pa ènìyàn. Dákẹ́, kó tán."

Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni ìyá mi fi tọ́ mi nínú ilé yẹn gan-an. Mo dìde lórí eékún mi, láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n dìde.

"Lọ́la, bí oòrùn bá dé àtàrí, màá mú kí àrá sán lójúde ṣọ́ọ̀bù mi. Kò ní sí òjò, kò sì ní sí ìkùukùu. Bí kò bá sán, ẹ lé èmi, ọkọ mi àti ọmọ mi jáde. Bí ó bá sán, ẹ óò tú aṣọ pupa yẹn lójú gbogbo ènìyàn."

Wọ́n figbe ta. Ẹnì kan ní mo ti ya wèrè. Bàbá Ṣàngóyẹmí na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n dákẹ́.

"Ẹnu rẹ gbòòrò, Ṣàngóbùnmi."

"Ilé yìí ni mo ti jogún rẹ̀, Bàbá."

Ó ní, "Màá wá."

Ó wá. Ìlú wá pẹ̀lú. Àwọn ọlọ́kadà gbé ọ̀kadà wọn dúró, àwọn tó ń lọ sóko fi ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n ń wo obìnrin tó ní òun máa ṣe bí Ṣàngó. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àbọ̀dé ti kúrò ní ọsibítù, ó jókòó sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú POP wà lórí itan. Èmi gba abẹ́ aṣọ pupa tí wọ́n fi dínà kọjá, mo wọlé lọ bá mọ́tò aláwọ̀ eérú níbi tí ó wà. Ariwo sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọlé wá mú mi.

Sìrájù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mọ́tò mi nìyẹn o! Ta ló fún un láṣẹ kó tú mọ́tò mi?"

Mo yọjú sí i. "Ẹ́abáàgì ni mo fẹ́ yọ. Ìwọ lo sọ pé kò sí nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, kí ni màá rí yọ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mo tú orí bátìrì. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí àpótí, mo ní kí wọ́n bá mi ra ẹ̀pà. "Ó ti bẹ̀rù!" ni ẹnì kan ké. "Ṣe kíá ká rí ọ!" Mo bó ẹ̀pà mi lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo ìlú, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, mo sì jẹ ẹ́ títí ó fi tán. Ọkọ mi ń wò mí. Ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Òfin tí òun kò tẹ̀ lé ni mò ń tẹ̀ lé, kì í sì í ṣe láti fi bú u.

Nígbà tí mo rí i pé iná inú rẹ̀ ti kú tán, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ibi tí èrò máa ń jókòó, mo yọ wáyà ìyeyè, mo sì gbé ẹ́abáàgì kejì jáde. Mo kọ ojú rẹ̀ síta, mi ò gbé e mọ́ àyà. Mo ti to táyà àlòkù léra wọn ní àárín ilẹ̀, mo gbé e sísàlẹ̀ inú wọn, mo kọjú rẹ̀ sókè, mo dè é mọ́lẹ̀ gírígírí. Mo so wáyà gígùn mọ́ ọn, mo sì fa wáyà náà dé ẹ̀yìn ògiri ibi tí bátìrì mìíràn wà. Mo ní kí gbogbo ènìyàn sọdá sí òdìkejì títì, mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan títí tí ọmọdé tó kẹ́yìn fi sọdá.

"Ẹ wo òkè!" ni mo ké. "Ṣé ẹ rí ìkùukùu kankan?"

Wọ́n wo òkè. Mo fi wáyà kan orí bátìrì.

Gbàù! Táyà tó wà lókè fò sókè, ó sì bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ. Ewúrẹ́ sá. Àwọn ẹyẹ inú máńgòrò fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gbé ṣẹẹrẹ, igbá Ṣàngó tí wọ́n máa ń mì, lọ́wọ́ nínú àwọn oníṣàngó sọ ọ́ nù. Èéfín jáde láàárín àwọn táyà, ẹfun funfun sì bà sórí ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n rí lọ́jọ́ tí ọkọ mi fara pa. Ọmọdé kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un ṣe.

Mo jẹ́ kí ó tutù. Mo fa àpò funfun náà jáde, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo sì tẹ́ èyí tí mo gbà ní ọsibítù tì í. Aṣọ kan náà, òwú ìránṣọ kan náà, ẹfun kan náà, àfi pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi wà lára ọ̀kan.

Mo kúnlẹ̀. "Ó ku tiyín, Bàbá."

Bàbá Ṣàngóyẹmí ti gbé e wá. Ó tú aṣọ pupa náà fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò yára. Irin róbótó ni, ihò yí i ká, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Mo fi etí aṣọ mi nù ún, lẹ́tà sì yọ lára rẹ̀. Mo ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, mo sì ka ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ sí i lédè òyìnbó, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u.

"Bàbá, ìgbà wo ni Ṣàngó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òyìnbó?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Iná pupa tí o ní ó yẹ kó máa tàn ńkọ́?"

Mo fa mítà mọ́tò náà jáde kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn. Téèpù dúdú kan wà lójú iná ẹ́abáàgì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló lẹ̀ ẹ́. Mo ya á kúrò, mo fi hàn wọ́n.

"Bí mo ṣe rà á nìyẹn o!" ni Sìrájù wí. Kò sí ẹni tó tíì bi í ní nǹkan.

Bàbá mú ṣẹẹrẹ náà, ó yíjú sí i. "Ìwọ lo kọ́kọ́ ké orúkọ Ṣàngó. O rí àpò funfun yìí nílẹ̀, o fi wé ọwọ́ ọkùnrin yìí, síbẹ̀ o ní àrá ni. Wá fọwọ́ kan ṣẹẹrẹ yìí, kí o búra pé o kò mọ ohun tó bú."

"Mùsùlùmí ni mí, Bàbá. Mi ò kì í fọwọ́ kan òrìṣà."

"Ó dára. Mọ́ṣáláṣí kò jìnnà síbí. A ó tẹ̀ lé ọ lọ, kí o búra níbẹ̀."

Sìrájù wo ìhà mọ́ṣáláṣí. Ó wo mọ́tò rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ gba ìpè kan lórí fóònù, ó sì gun ọ̀kadà. Bí mo ti ń sọ ìtàn yìí, mọ́tò náà ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán, àfi bí Àbọ̀dé ṣe dìde lórí àga. Ó rìn lọ bá Bàbá, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó wà nínú POP, ó gbé e lé ṣẹẹrẹ náà. Ó dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ le dáadáa, ṣùgbọ́n ta ní í fi ọwọ́ òsì búra?

"Jókòó, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Kò sí ẹni tó ń bi ọ́ léèrè mọ́."

"Ẹ ti bi mí léèrè nígbà tí mi ò lè dáhùn," ni ọkọ mi wí. "Onítẹ̀bọmi ni mí, ìlú sì mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bẹ̀rù nìyí, lórí rẹ̀ ni màá ti sọ ọ́. Mi ò jí ẹ̀rọ omi. Mi ò mọ ẹni tó jí i." Ó wo gbogbo wọn yíká, ẹni kọ̀ọ̀kan tó ti wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Àwọn púpọ̀ wo ilẹ̀. Mo tú aṣọ pupa kúrò lára igi máńgòrò mi, mo ká a, mo dá a padà fún wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo sì ti sun ún.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ṣàngóyẹmí nìkan rìn wá bá mi. Mo fún un ní àga. Kò jókòó.

"Ṣàngóbùnmi, lọ́jọ́ tí àrá jà nílé Ògúnṣọlá, wáyà iná já sórí páànù rẹ̀. Mo rí i tó rọ̀ síbẹ̀, tó ń ta iná. Mo ní Ṣàngó ló já a. Mi ò bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa iná." Ó gbé ìka sí irun rẹ̀ tó dì. "Láti àná, mi ò lè jẹun."

Ẹlòmíràn ì bá tù ú nínú. Ì bá ní kó má ronú, pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. Mo ronú kan yàrá tí kò ní fèrèsé, mo sì ronú kan Àṣàbí.

"Ẹ lọ pè é padà, Bàbá."

"Kí ni màá sọ fún un?"

"Ohun tí ẹ sọ fún mi yìí."

Mo ní kó wọ mọ́tò mi, mo sì fa bẹ́líìtì dì í láyà. Nígbà tí mo ṣí kọ́kọ́rọ́, iná pupa tàn, Bàbá sì di àga mú.

"Ó ti tàn!"

"Ẹ ní sùúrù."

Iná náà kú. Ó wò mí. "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Ó wà dáadáa, Bàbá. Ó ti yẹ ara rẹ̀ wò ni."

Mo wa mọ́tò náà dé Ìwàrè. Ògúnṣọlá jókòó níwájú yàrá rẹ̀, ó ń pọ́n àdá. Ó rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, kò kí i, kò sì dìde. Bàbá Ṣàngóyẹmí, ẹni tí Ìlórà ń dọ̀bálẹ̀ fún, rìn dé iwájú rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí erùpẹ̀, tòun ti irun funfun rẹ̀.

Mo dúró ti mọ́tò. Ọwọ́ mi ń yún mi kí n sáré lọ gbé e dìde, bàbá mi ni, mo sì mọ bí egungun rẹ̀ ti gbó tó. Mi ò lọ. Ògúnṣọlá ló tọ́ sí kó gbé e dìde, nígbà tó bá wù ú.